Bàálù Onígi fún Àwọn Ọmọ Wa: Bí A Ṣe Lè Fi Àjákù Pákó Kàn Án Ní Ẹ̀hìnkùlé

Nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́, owó yíyá àti ìwé ìṣirò ni ó sábà máa ń gba iwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ àjákù pákó tí a ń fi dáná lójoojúmọ́.

Bí ènìyàn bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà wa ní Igbó-Ọrà ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé ègé pákó kò wọ́n nílẹ̀. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ṣẹ́ ègé kù, ẹni tí ó kan àga náà ṣẹ́ ègé kù. Àwọn ìyá tí ń din gàrí àti àwọn tí ń ro àmàlà ni wọ́n ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí ìdí iná. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ẹni tí yóò jẹun gbọ́dọ̀ dáná. Ṣùgbọ́n ègé tí ó gùn tó íńṣì 9 ti kúrò ní igi ìdáná. Bàálù ìṣeré kan wà nínú rẹ̀, bí a bá ní sùúrù láti yọ ọ́ jáde. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí a ṣe ń kàn án, bí kò ṣe ní ṣe ọmọ léṣe, àti bí a ṣe lè tà á láìjẹ gbèsè.

ERÉ ỌMỌDÉ KÌ Í ṢE OHUN YẸPẸRẸ

Kí ohun ìṣeré oníke tó kún ọjà wa ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé eré ni ọmọ fi ń kọ́ iṣẹ́. Àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ọmọlangidi fún àwọn ọmọbìnrin, wọn a pọ̀n ọ́n sẹ́hìn bí ìyá wọn ti ń pọn àbúrò wọn. Àwọn ọmọkùnrin a máa ta òkòtó, wọn a máa fi pòròpórò ṣe mọ́tò. Nígbà tí mílíìkì alágolo dé, wọ́n sọ agolo di mọ́tò, wọ́n sì gé bàtà rọ́bà tí ó ti já ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti wa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ ń fi ẹnu ṣe fèrè rẹ̀ kiri àdúgbò.

Àwọn agbẹ́gilére wa pàápàá kò fi ohun tuntun sílẹ̀ láìgbẹ́. Ẹni tí ó bá ti wo eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò mọ̀ pé a ti gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ àti alùpùpù sórí igi tí àwọn eléré ń gbé sórí. Ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń gbẹ́.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní ọdún 1878, Bíṣọ́ọ̀bù Milton Wright ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú ohun ìṣeré kékeré kan wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Wilbur àti Orville. Kọ́ọ̀kì, ọparun àti bébà ni wọ́n fi ṣe é, rọ́bà tí a lọ́ pọ̀ ni ó sì ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tí ó fi ń gbéra nílẹ̀. Ará Faransé kan, Alphonse Pénaud, ni ó ronú irú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fi ṣeré títí ó fi bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òmíràn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n sì ń tà ní ìlú Dayton. Ní ọjọ́ 17 oṣù December, ọdún 1903, nítòsí Kitty Hawk, Orville wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n fi igi àti aṣọ ṣe, ó sì fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 12, ó lọ jìnnà tó 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú aláfọ̀ńfò tí ènìyàn ń darí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1925, bàálù àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ti balẹ̀ sí Kánò.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó bá gba bàálù onígi ni yóò di awakọ̀ òfuurufú. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí ó rí bàbá rẹ̀ tí ń wọn igi, tí ń fi ayùn gé e, tí ó sì di ohun tí ó ń sáré nílẹ̀, ti mọ̀ pé ènìyàn ni ó ń ṣe nǹkan, kì í ṣe ọjà nìkan ni a ti ń rí i. Ẹ̀kọ́ yìí kò kéré.

NÍ IGBÓ-ỌRÀ, MÉJÌ NI

Gbogbo ayé ni ó ti gbọ́ orúkọ Igbó-Ọrà nítorí àwọn ìbejì. Dókítà Nylander, tí ó ṣe ìwádìí lórí ìbejì ní ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1960 sí 1980, rí i pé nínú 1,000 ìbímọ ní Igbó-Ọrà, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Ti àwọn ará Yúróòpù ní ìgbà náà kò tó ìdá mẹ́ta èyí. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni ó fà á, àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Àwọn onímọ̀ kò tí ì fi ẹnu kò. Láti ọdún 2018 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ní ìlú náà nínú oṣù October, tí àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

Kí ni èyí kan bàálù onígi? Ó kàn án gan-an. Ẹni tí ó bá kan ohun ìṣeré kan ṣoṣo wọ ilé ìbejì, ìjà ni ó gbé wọlé. Yorùbá kò fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé. Bí ọ̀kan nínú ejìrẹ́ bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀, igi ìrẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a wọ aṣọ fún un, ohun tí wọ́n bá ṣe fún èyí tí ó wà láàyè ni wọn a ṣe fún un. Púpọ̀ nínú wa ni ẹ̀sìn ti mú kúrò nídìí àṣà yẹn lónìí, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbó: ohun tí Táyé ní, kí Kẹ́hìndé náà ní i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kan bàálù yìí, ẹ máa kàn án ní méjì-méjì. Èyí tilẹ̀ mú iṣẹ́ rọrùn. Ẹ to pákó méjì léra, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì wọ́n pinpin, ẹ sàmì sí ti òkè, kí ẹ sì fi ayùn gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò, ẹ lu méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan kò ní gùn ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ti èkejì òun ni ó dára jù. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fa ìlà kan sí ìyẹ́ ti Táyé, kí ẹ fa méjì sí ti Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá kán, a ó mọ ẹni tí ó ni ín.

IGI TÍ Ó DÁRA ÀTI IGI TÍ KÒ DÁRA

Igi arère ni ó dára jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́, ayùn ń gé e wẹ́rẹ́, kì í sì í ya bí a bá rọra lu ihò sí i. Igi afàrà náà dára, mẹláínà sì ṣe é lò. Ìrókò àti apá lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo jù fún ọwọ́ ọmọdé, lẹ́búlẹ́bú ìrókò sì máa ń ta ènìyàn lójú àti nímú.

Ẹ rí i pé igi náà gbẹ. Igi tútù yóò sún kì bí ó bá gbẹ tán, ẹsẹ̀ bàálù yóò sì tú kúrò nínú ihò rẹ̀. Ẹ to àwọn ègé náà sí ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Pákó kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ lò láé: èyí tí a ti fi oògùn ikán rẹ, irú èyí tí a fi kan òrùlé, àti ègé òpó iná mànàmáná. Oògùn náà kò kúrò nínú igi. Ọmọ yóò fi ohun ìṣeré sí ẹnu, ẹ má ṣe tan ara yín. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí pákó kan ti wá, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kò dára láti fi dáná oúnjẹ pàápàá.

BÍ A ṢE Ń KÀN ÁN

Irinṣẹ́ tí a nílò kò pọ̀: ayùn kékeré, ṣísẹ́lì, òòlù, dirílì ọlọ́wọ́, fáìlì igi, rúlà, gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, àti sáńpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 220. Ìwọ̀n bàálù kan nìyí:

Ara: gígùn íńṣì 9, fífẹ̀ 1½, gíga 1½. Pákó tú-báì-tú tí a ti fá ni.
Ìyẹ́ ńlá: gígùn 10, fífẹ̀ 2½, nínípọn ½.
Ìyẹ́ ìdí: gígùn 4, fífẹ̀ 1½, nínípọn ½.
Ìrù òòró: gíga 2, fífẹ̀ 1½, nínípọn ½.
Ẹsẹ̀ méjì: róbótó, íńṣì 2 láti etí dé etí, nínípọn ¾.
Ọ̀pá ẹsẹ̀: igi róbótó tí ó nípọn ¼, gígùn 3¼.
Abẹ̀bẹ̀ imú: gígùn 2, fífẹ̀ ½, nínípọn ¼.
Èèkàn mẹ́ta láti ara igi róbótó ¼ náà: méjì gùn ní 1¼, ọ̀kan gùn ní 2.

Èkíní. Ẹ sàmì sí ẹ̀hìn ara bàálù, láti íńṣì 2½ sí 5, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti imú. Ẹ fi ayùn rẹ́ etí méjèèjì wọlé ní ½, kí ẹ sì fi ṣísẹ́lì gbẹ́ àárín rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni ìyẹ́ ńlá yóò jókòó sí. Ẹ gbẹ́ irú rẹ̀ sí ìparí ìdí, kí ó fẹ̀ ní 1½, kí ó sì jìn ní ½, fún ìyẹ́ ìdí. Ẹ máa dán ìyẹ́ wò bí ẹ ti ń gbẹ́. Ó yẹ kí ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́, kí ó má mì.

Èkejì. Ẹ lu ihò ọ̀pá ẹsẹ̀ gba inú ara já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Kí ihò náà jìnnà sí imú ní 1¼, kí ó sì ga sí ìsàlẹ̀ ní ½. Ẹ má ṣe sún un sẹ́hìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ náà yóò máa ha ìyẹ́ ńlá. Fún ihò yìí, ẹ lo ẹnu dirílì 5/16, kí ọ̀pá lè yí fàlàlà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Láti íńṣì 5 lọ sí ìdí, ẹ fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ kí ara náà lè tín-ín-rín títí yóò fi ku ¾ ní ìparí. Ẹ fi fáìlì pa gbogbo igun imú. Ẹ pa igun ìyẹ́ náà kí ó rí roboto. Igun tí ó mú ni ó ń gún ojú ọmọ.

Ẹ̀kẹrin. Fún ẹsẹ̀, ẹ fi kọ́ńpáàsì tàbí ìdérí ìgò tí ó fẹ̀ ní íńṣì 2 ya àmì róbótó. Ẹ kọ́kọ́ gé e ní igun mẹ́jọ, kí ẹ tó fi fáìlì yí i po. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ ¼ gééré, kí ọ̀pá lè há sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kan ohunkóhun, ẹ fi sáńpépà ra gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80, kí ẹ lọ sí 120, kí ẹ sì fi 220 parí rẹ̀. Ẹ máa ra á bí ojú igi bá ti lọ, ẹ má ṣe dábùú rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀hìn ọwọ́ pá a. Ibi tí ó bá há ọwọ́ àgbà yóò gún ọmọdé.

Ẹ̀kẹfà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kan ìyẹ́ ńlá mọ́ ibùjókòó rẹ̀, kí ó yọ síta ní ọgbọọgba ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ lu ihò ¼ méjì láti òkè, ní íńṣì 3¼ àti 4¼ sí imú, kí ó jìn ní 1¼. Ẹ ti èèkàn méjì kéékèèké bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ní ìdí, ẹ kan ìyẹ́ ìdí mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ìrù òòró lé e. Èèkàn gígùn nì ni yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: íńṣì 1 nínú ìrù, ½ nínú ìyẹ́ ìdí, ½ nínú ara. Ẹ fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò lè dúró de gọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ṣe iṣẹ́ kan.

Èkeje. Ẹ ti ẹsẹ̀ kan mọ́ ọ̀pá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kí ẹ fi wọ́ṣà kan sí i, kí ẹ ti ọ̀pá gba inú ara já, kí ẹ fi wọ́ṣà kejì sí i, kí ẹ wá kan ẹsẹ̀ kejì. Ẹ ṣọ́ra kí gọ́ọ̀mù má baà kán sínú ihò ara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní yí mọ́.

Ẹ̀kẹjọ. Abẹ̀bẹ̀ ni ó kù. Ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀ kí sukúrúù lè yí nínú rẹ̀. Sukúrúù náà kò gbọ́dọ̀ gùn ju íńṣì 1 lọ, kí ó má baà bá ọ̀pá ẹsẹ̀ pàdé nínú igi. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín sí àárín imú kí igi má baà ya, kí ẹ tó fi wọ́ṣà àti sukúrúù dè é. A ní kí abẹ̀bẹ̀ má ju íńṣì 2 lọ, nítorí bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, yóò máa gbá ilẹ̀.

OHUN TÍ A KỌ́ NÍNÚ ÀṢÌṢE WA

A kò ní fi ìtìjú bo èyí. Àkọ́kọ́ tí a kàn, a kò lo ọ̀pá ẹsẹ̀. A gé igi ìgbálẹ̀ gígùn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, a sì fi ìṣó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàálù. Ó wuni lójú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ kan fi yọ, ọmọ kan tí kò tí ì pé ọdún méjì ni ó sì bá a nílẹ̀. Ẹnu ni ó fi í sí. Ọlọ́run ṣe é, ìyá rẹ̀ wà nítòsí, ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì yọ ọ́ kí ó tó lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ìṣó náà sì wà lára bàálù, ó yọ ẹnu síta. Láti ọjọ́ náà, a kò fi ìṣó kan ẹsẹ̀ mọ́, a kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kéré ju íńṣì 2 lọ.

Ọ̀nà kan rọrùn láti fi dán nǹkan wò. Ẹ wá páálí róbótó tí ó máa ń wà láàárín bébà ìnùdí. Ohunkóhun tí ó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Nítorí náà, fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe fi abẹ̀bẹ̀, sukúrúù tàbí wọ́ṣà sí bàálù rẹ̀ rárá. Bàálù náà yóò sáré láìsí wọn. Ẹ má sì ṣe so okùn gígùn mọ́ ọn, nítorí okùn lè wé ọmọ lọ́rùn.

Kí bàálù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́. Ẹ gbé e ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹ jù ú sí orí sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ohun kan bá tú, ó sàn kí ó tú lọ́wọ́ yín ju kí ó tú lọ́wọ́ ọmọ lọ.

Ọ̀RỌ̀ Ọ̀DÀ

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Àwọn ọ̀dà kan wà tí ó ní òjé nínú. Òjé máa ń mú kí àwọ̀ ọ̀dà tàn, kí ó sì tètè gbẹ, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọ lára. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú nítorí eruku òjé tí ó ti ibi ìwa-góòlù wọ inú ilé wọn. Ti ọ̀dà kì í yára pa bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọ ara. Ọmọ náà yóò kàn máa lọ́ra níwèé, a ó sì máa nà án pé olódo ni.

Àjọ NAFDAC ti ṣe òfin pé kí òjé inú ọ̀dà má ṣe ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ wa, èyí tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a kun géètì. Ẹ má ṣe fi kun ohun ìṣeré. Ẹ má sì ṣe fi pákó tí ó ní ọ̀dà àtijọ́ lára kan bàálù, nítorí sáńpépà yóò sọ ọ̀dà náà di eruku, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín ni ẹ ó sì fà á símú. Bí ẹ bá fẹ́ kun ún, ẹ ra ọ̀dà olómi tí a kọ sára rẹ̀ pé kò ní òjé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi igi náà sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a. Arère funfun tí a ti ra dáadáa lẹ́wà tó.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ TÀ Á

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ káfíńtà lè sọ eléyìí di owó, pàápàá ní àsìkò Iléyá, Kérésìmesì, àti àjọ̀dún ìbejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun ń pàdánù. Wọn a ní, "Pákó náà ọ̀fẹ́ ni, ohun tí mo bá rí, èrè ni." Ìṣirò àṣìṣe gbáà nìyẹn.

Owó ọjà kò dúró lójú kan, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni a ó lò. Ká ní fún bàálù méjì, pákó jẹ́ 20, gọ́ọ̀mù 15, sáńpépà 15, sukúrúù àti wọ́ṣà 10, ọ̀dà 20. Gbogbo rẹ̀ di 80. Ẹ ka pákó mọ́ ọn bí ẹ kò tilẹ̀ rà á, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àjákù yóò tán. Ká ní wákàtí 5 ni ẹ fi kan méjèèjì, tí owó iṣẹ́ òòjọ́ oníwákàtí 8 sì jẹ́ 160. Wákàtí kan jẹ́ 20, wákàtí 5 jẹ́ 100. Àpapọ̀ di 180. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí irinṣẹ́ tí ń gbó, ìyẹn 18. Ó di 198. Bí ẹ bá wá fẹ́ èrè 40, ó di 238 fún méjèèjì, 119 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ta méjèèjì ní 100 rò pé òun jèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò rí owó iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀ gbà tán.

A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó yá owó ẹgbẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ fi àjákù bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan méjì, kí ẹ fi fún àwọn ọmọ ilé. Ẹ kan mẹ́rin sí i, kí ẹ wò ó bóyá ọjà yóò gbà á. Bí ọjà bá gbà á, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń ṣe é, ìgbà náà ni ẹgbẹ́ wúlò: kí ẹ jọ ra gọ́ọ̀mù àti sáńpépà lọ́pọ̀ kí owó rẹ̀ lè dínkù, kí ẹ jọ ra dirílì kan tí gbogbo yín yóò máa lò, kí ẹ sì fi ẹnu kò lórí iye tí ẹ ó máa tà á, kí ẹnì kan má baà ba ọjà èkejì jẹ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ yá owó nígbà náà, ẹ ó ní ìwé ìṣirò tí ẹ lè gbé síwájú ìgbìmọ̀, wọn yóò sì mọ̀ pé owó náà yóò padà.

Ohun kan kù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń kàn án. Ẹ fún èyí tí ó ti tó ọmọ ọdún méje ní sáńpépà, kí ó máa ra ìyẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó di rúlà mú. Kò burú bí iṣẹ́ náà bá pẹ́ díẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀la, tí ẹ rí bàálù náà lẹ́nu ọ̀nà, tí Táyé ń ti tirẹ̀, tí Kẹ́hìndé ń ti tirẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi àti bàbá mi ni a kàn án." Owó kò lè ra ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni tí ó bá kan tirẹ̀ tí ó sì rí ọ̀nà tí ó sàn ju tiwa lọ, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé, a ó fi sínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.